Kíkà Àárọ̀: Kò Sí Àṣìṣe

Ọjọ́ kẹta, oṣù kejì

Àǹtí mi,

Ohun tí mo rí láàárọ̀ yìí nìyí kí n tó kí yín, torí ẹ ti kọ́ mi pé ẹni tí kò bá lè sọ ohun tó rí, kó má wulẹ̀ kí èèyàn. Mo rí bàtà ọ̀tún kan lórí àtẹ̀gùn ilé wa, okùn rẹ̀ tú, kò sí òsì. Mo rí ológbò kan tó jókòó sórí mọ́tò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ paná rẹ̀, ó ń yá ooru. Mo rí obìnrin kan nínú bọ́ọ̀sì tó ń kun ètè láìwo dígí. Bọ́ọ̀sì ń já sí kòtò, ọwọ́ rẹ̀ ò yẹ̀. Mo rí ọ̀gá wa lẹ́nu ọ̀nà ibi ìfọṣọ, ó wo aago, ó wò mí, ó tún wo aago. Ọlọ́rọ̀-Kan là ń pè é, torí ọ̀rọ̀ kan péré ló ń ná lójúmọ́. Lónìí, kò tilẹ̀ ná ẹyọ kan náà.

Ẹ kú ilé o, Mà. Ẹ kú ìjà ẹ̀rọ. Ara mi le. Iṣẹ́ ò yí padà: aṣọ ìbùsùn òtẹ́ẹ̀lì á jáde nínú ẹ̀rọ pẹ̀lú ooru, àwa méjì méjì á di etí rẹ̀ mú, a ó nà án, a ó ká a, a ó tún un ká. Ẹni tí wọ́n fi sí ìdojúkọ mi máa ń ká aṣọ bí ẹni tó ń di ẹrù sá fún onílé. Mo máa ń tú u, mo sì máa ń tún un ká. Ó ní mo ń ṣe bí ìyàwó ọba.

Ó ku ìbéèrè yín. Ẹ ní lẹ́tà tí ẹ kọ ń jókòó sínú àpótí àjáde bí àlejò tí kò fẹ́ lọ. Àǹtí, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ta yín lọ́rẹ nígbà tí ẹ fẹ̀yìn tì yẹn, ó ti gbó nígbà tí wọ́n ń fi ta yín lọ́rẹ. Kì í gbé lẹ́tà lọ lójú ẹsẹ̀ bíi ti òde òní. Tí ẹ bá tẹ "Firánṣẹ́", inú àpótí àjáde ló ń kó o sí. Ó di ìgbà tí ẹ bá tẹ bọ́tìnì kejì, èyí tó ní ọfà méjì, ọ̀kan ń lọ, ọ̀kan ń bọ̀, kó tó jáde nílé. Òkè, lápá òsì ló wà. Ẹni tí kò bá rí i kò wò ó ni.

Bàbá mi tún kọ̀wé sí mi. Ó ní òun ò fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n òun máa dá gbé ní ọjọ́ orí yín, pé òun ti kun yàrá tó wà lẹ́yìn ilé òun, pé ẹni tó fẹ́ rẹ́ǹtì ilé yín ti wà nílẹ̀. Ó ní ẹ fi ẹnu ara yín sọ pé ọjọ́ tí èmi bá rí àṣìṣe kan péré nínú lẹ́tà yín, kí òun wá kó yín, ẹ ò ní bá òun jiyàn. Ẹ ti wá fi mí ṣe adájọ́ nílùú tí mi ò sí. Mi ò bẹ̀bẹ̀ fún oyè yìí o.

Èmi ni, ọmọ àbúrò yín tí ẹ tọ́.

Ọjọ́ kẹfà, oṣù kejì

Awòdákẹ́ mi,

Mo kí ọ bó ṣe yẹ. Ó kù kí n bú ọ bó ṣe yẹ.

Ìwọ lo ń kọ́ èmi bí wọ́n ṣe ń rán lẹ́tà? Èmi tí mo tẹ̀wé fún ọ̀gá mẹ́fà, tí mẹ́ta nínú wọn kò mọ ìyàtọ̀ láàárín kọ́mà àti eèrà? Mo mọ̀ pé inú àpótí àjáde ni lẹ́tà mi wà. Èmi ni mo fi síbẹ̀! Ní ọ́fíìsì mi, lẹ́tà tí kò bá sun oorun òru kan ní dúráà tábìlì kò gbọ́dọ̀ rí títì. Ìrọ̀lẹ́ ni mo ń kọ ọ́. Àárọ̀ ni mo ń kà á. Bí mi ò bá rí àṣìṣe, mo kọ bẹ́ẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó di ọ̀nà. Bí gbogbo ayé bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìgbéyàwó tó ń tú ì bá dínkù. Bọ́tìnì wo ni mo bi ọ́, o wá ń ṣe ìwàásù.

Mo ti rí bọ́tìnì ọlọ́fà rẹ. Wọ́n fi eérú yà á sórí eérú. Ẹni tó ṣe é, bí ìyá rẹ̀ bá rán an ní iyọ̀, ata ló máa gbé wá.

Ó-ti-kú wá síbí, atún-kọ̀ǹpútà-ṣe ìsàlẹ̀ títì. Ṣé o rántí pé kò sí ẹ̀rọ tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ tí kì í sọ pé ó ti kú? Mo ní kó wo ìdí tí aago kọ̀ǹpútà fi ń padà sí ọdún tí wọ́n rà á, nígbàkigbà tí mo bá pa á. Ó tú u nídìí, ó mi orí. "Mà, ó ti kú."

Mo ní, "Kí ló kú?"

"Bátìrì kékeré inú rẹ̀ ni, Mà."

"Bí ọmọ-ìka ẹsẹ̀ rẹ bá kú, ṣé a ó sin ọ́?"

Ó pààrọ̀ bátìrì. Aago ń lọ dáadáa.

Ní ti bàbá rẹ: àbúrò mi ni, èmi ni mo fọ ìdí rẹ̀, ìdí náà ni mo ṣì ń rí tó bá ń sọ̀rọ̀. Yàrá tó kùn yẹn, mo mọ̀ ọ́n, ibẹ̀ ló ń kó táyà sí. Kò sí fèrèsé níbẹ̀ àfi ihò kan tí aláǹgbá ń gbà wọlé. Inú ilé mi ni mo wà. Nọ́ọ̀sì tí mo fún ní yàrá iwájú rẹ́ǹtì ń jáde ní tirẹ̀, ó ń wọlé ní tirẹ̀, kì í béèrè ohun tí mo jẹ. Bí ọ̀rọ̀ mi bá dúró, ó dúró: ọjọ́ tí o bá rí àṣìṣe, ẹ wá kó mi.

Àṣìṣe tìrẹ ńkọ́? Ìlà tí o ti ń na aṣọ, tí o ń ká a, kọ́mà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ. Ò ń fọ́n ọn bí ẹni ń fọ́nkà fún adìẹ.

Ó ku ẹyọ kan. Báwo ni wọ́n ṣe ń sọ lẹ́tà inú rẹ̀ di ńlá? Kì í ṣe fún èmi. Ó-ti-kú ni ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa, ó ń dà mí láàmú.

Ìyá Atẹ̀wé.

Kíkà àárọ̀: kò sí àṣìṣe.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kejì

Àǹtí mi,

Láàárọ̀ yìí mo rí ọkùnrin kan tó ń fọ fèrèsé bánkì nínú òjò. Mo rí ibọ̀sẹ̀ ọmọdé kan lórí wáyà iná. Mo rí bàtà ọ̀tún ọjọ́sí, ẹnì kan ti di okùn rẹ̀.

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Mà. Ẹ bá mi sọ fún Ó-ti-kú, tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, tó sì ń fi ojú náà tú ẹ̀rọ onílé-onílé, pé kó di bọ́tìnì tó wà ní igun òsì pátápátá nísàlẹ̀ mú, kó máa fi ọwọ́ kejì yí kẹ̀kẹ́ kékeré tó wà lẹ́yìn eku kọ̀ǹpútà. Tó bá yí i síwájú, lẹ́tà á máa tóbi. Tó bá yí i sẹ́yìn, á máa kéré. Tí kò bá rí i síbẹ̀, kó lọ máa tún bàtà ṣe.

Mo so àwòrán yàrá mi mọ́ lẹ́tà yìí. Ẹ wo kọ́tìnnì tí mo rán fúnra mi, kí ẹ sọ bí etí rẹ̀ ṣe tọ́ sí. Tí ẹ bá rí àmì bíi píìnì ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ mi, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, àwòrán á ṣí. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan kí ẹ wá sọ pé ẹ̀rọ ya ọ̀lẹ.

Mo ti sọ fún bàbá mi pé kò sí àṣìṣe. Ó ní, "Ó dáa, jẹ́ ká máa wò ó." Ẹ̀yin náà mọ ohùn yẹn.

Èmi ni.

Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta

Awòdákẹ́ mi,

Àwòrán rẹ ṣí, ó sì dúdú bí inú ìkòkò. Irú ilé wo lò ń gbé tí wọn kì í tanná? Kọ́tìnnì kí ni mo fẹ́ rí nínú òkùnkùn biribiri? O kọjá òkun tán, o ò mọ̀ pé tí èèyàn bá fẹ́ ya àwòrán, kó ṣí fèrèsé.

Ẹ̀rọ náà tún fi mí ṣẹ̀sín lọ́jọ́ Ajé. Ó ní páswọ́ọ̀dù mi kì í ṣe tèmi. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó kọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú ìbínú, ó kọ̀. Ṣé ẹ̀rọ lè jí mi lórúkọ nínú ilé mi? Nọ́ọ̀sì ló kọjá tó fi ìka kan tẹ nǹkan kan, ó gbà. Mo bi í pé kí ló ṣe, ó ní kò sí nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni dókítà tó pa aláìsàn ṣe máa ń wí.

Ojú kọ̀ǹpútà ti ń ṣe kùrukùru. Mo ti fi aṣọ gbígbẹ nù ún, mo ti fi omi ọṣẹ nù ún, mo ti bú u. Àárín rẹ̀ ló burú jù, etí rẹ̀ ṣì dára díẹ̀. Ó-ti-kú ní ojú rẹ̀ ti kú. Mo lé e jáde. Kí ni kí n ṣe sí i? Mo tún gbọ́ pé ẹ̀rọ mìíràn wà tó ń ka lẹ́tà sókè fún àwọn ọ̀lẹ. Ṣé èyí lè ṣe é? Kì í ṣe pé mo fẹ́ ẹ. Mo fẹ́ mọ bí ayé ṣe bàjẹ́ tó ni.

Ìyá Atẹ̀wé.

Kíkà àárọ̀: kò sí àṣìṣe.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹta

Àǹtí mi,

Mo rí oòrùn láàárọ̀ yìí, ìgbà àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ yìí. Mo rí i lára kọ́tìnnì mi. Ọ̀sán gangan ni mo ya àwòrán yẹn, Mà, fèrèsé ṣí sílẹ̀, ìmọ́lẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ mi lójú. Tó bá dúdú lọ́dọ̀ yín, ẹ̀rọ yín ló dúdú.

Páswọ́ọ̀dù: bọ́tìnì kan wà lápá òsì tó ń sọ gbogbo lẹ́tà di ńlá. Tí ìka bá ṣèèṣì kàn án, iná kékeré kan á tàn lókè kíbọ́ọ̀dù. Ẹ ò rí iná náà ni? Iná aláwọ̀ ewé ni, ó ń tàn yòò. Ohun tí Nọ́ọ̀sì pa nìyẹn. Kò pa aláìsàn kankan.

Kùrukùru: ẹ̀rọ ń gbó bí èèyàn. Ẹ wá bọ́tìnì lábẹ́ ojú rẹ̀, èyí tí wọ́n ya oòrùn sí, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ títí ìmọ́lẹ̀ á fi pọ̀. Tí kò bá gbọ́, ẹ gbé e sọnù. Ìwé kíkà sókè, èyí tiyín ò lè ṣe é. Ó ń mí lásán tẹ́lẹ̀, ẹ tún fẹ́ kó kọrin.

Ẹ ò sì sọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ bàbá mi. Ẹ ò tún sọ nǹkan kan nípa kọ́mà mi.

Èmi ni.

Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù karùn-ún

Sepfslr ,o. ,p hns ;rys tr/ Sts ,o ;r/ Pki ,o fs dsls/

Kíkà àárọ̀: kò sí àṣìṣe.

Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù karùn-ún

Àǹtí mi,

Mi ò ní sọ ohun tí mo rí láàárọ̀ yìí. Lẹ́tà yín ni mo rí.

Ó lé lóṣù méjì tí ẹ fi dákẹ́, mo sì ti ń sọ lọ́kàn mi pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń ṣe, agídí ń ṣe wọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e pọ́n. Lẹ́tà wá dé. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹ̀rọ yín ló ya wèrè. Mo fẹ́ bú u. Mo ti ní èébú kan tó dùn nílẹ̀. Mo wá rí ìlà ìsàlẹ̀ tó mọ́ tónítóní, mo jókòó.

Mo gbé ọwọ́ lé kíbọ́ọ̀dù bí ẹ ṣe kọ́ mi nígbà tí ẹsẹ̀ mi ò tíì kan ilẹ̀ lórí àga yín: kí ìka ìtọ́ka méjèèjì wá ègún kékeré tó wà lórí F àti J, kí ojú má bá ọwọ́ lọ. Mo wá ṣí gbogbo ìka kúrò ní ipò kan sápá ọ̀tún. Lẹ́tà yín jáde. "Awòdákẹ́ mi, mo gba lẹ́tà rẹ. Ara mi le. Ojú mi dá ṣáká."

Ojú yín dá ṣáká, ẹ wá tẹ odindi lẹ́tà láìrí pé kò sí ọ̀rọ̀ ẹ̀dá kan nínú rẹ̀! Ó sun oorun òru kan ní dúráà bó ṣe yẹ. Ẹ jí, ẹ gbé ọwọ́ síbi tó tọ́, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ẹ ti kà á. Àǹtí, ẹ ò kà á. Ẹ ti pẹ́ tí ẹ ti ń kọ̀wé láìkà. Ìka yín ló ń bá yín purọ́, torí ìka yín ò mọ̀ pé ojú ti lọ.

Bọ́tìnì eérú lórí eérú. Àwòrán tó dúdú. Iná tí ẹ ò rí. Ojú Ó-ti-kú tí kò ríran dáadáa! Mo sì ń dáhùn bí ọ̀jọ̀gbọ́n: ẹ nù ún, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ gbé e sọnù. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá.

Nọ́ọ̀sì, mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ń ka lẹ́tà yìí fún wọn. Láti oṣù kẹta ló ti yẹ kí n mọ̀. Àǹtí mi ò lè rí kọ́mà mi kí wọ́n má bú u, àfi tó bá jẹ́ pé etí ni wọ́n fi ń gba lẹ́tà mi. Etí kì í rí kọ́mà. Ẹ kà á bó ṣe wà, ẹ má fo ìlà kankan, pàápàá èyí tó ń bọ̀ yìí.

Àǹtí, bí ẹ ò bá jẹ́ kí Nọ́ọ̀sì mú yín lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí, mo máa fi lẹ́tà yín ránṣẹ́ sí bàbá mi bó ṣe wà. Mi ò ní ṣàlàyé. Ẹ̀yin lẹ fi mí ṣe adájọ́. Yàrá táyà ń dúró dè yín, àti aláǹgbá rẹ̀.

Bí ẹ bá lọ, mi ò rí àṣìṣe kankan.

Èmi ni.

Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹfà

Àǹtí mi,

Láàárọ̀ yìí mo rí bàbá mi nínú fóònù. Ó fá irùngbọ̀n, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó dára. Ó bi mí pé ṣé lẹ́tà ẹ̀gbọ́n òun ti dé. Mo ní ó ti dé. Ó ní ṣé kò sí àṣìṣe. Mo ní ìlà ìkẹyìn rẹ̀ mọ́ tónítóní. Òótọ́ ni. Ó wò mí títí. Ó ní onírẹ́ǹtì ń yọ òun lẹ́nu.

Ẹ ò dáhùn. Ajá tó máa sọnù ni kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, ṣùgbọ́n etí tiyín ṣì ń gbọ́ o. Bóyá lẹ́tà yín wà nínú àpótí àjáde, tí ẹ ò rí bọ́tìnì ọlọ́fà. Bóyá ẹ ò kọ nǹkan kan. Mi ò mọ èyí tó yẹ kí n gbàdúrà fún. Oṣù ń parí lọ.

Èmi ni.

Ọjọ́ kejì, oṣù keje

Adájọ́ mi,

Lẹ́tà rẹ dùn ún gbọ́. Nọ́ọ̀sì kà á bí ẹni ń ka ìwé ẹ̀sùn ní kóòtù, ó tilẹ̀ gbóhùn sókè níbi aláǹgbá.

O ò ní gbọ́ ẹkún lẹ́nu mi, mi ò sì fẹ́ gbọ́ ẹ̀bẹ̀ lẹ́nu rẹ. Mo mọ̀ pé ò ń gbèrò ẹ̀bẹ̀, torí pé o bú mi lórí iná aláwọ̀ ewé. Mi ò ní fáìlì tí mò ń kó ẹ̀bẹ̀ sí. Ojú mi ni, èmi ni mo fi í pamọ́. Ta ni kí n sọ fún? Bàbá rẹ tó ti kun yàrá kí ara mi tó ṣàìsàn?

Mo ti lọ. Dókítà náà kéré débi pé mo wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá bàbá rẹ̀ ń bọ̀. Ó ní awọ ló bo ojú ọ̀tún, òun lè bó o. Mo ní, "Òsì ńkọ́?" Ó dákẹ́. Mo ní, "Mo tẹ̀wé fún ọ̀gá mẹ́fà, mo mọ ìdákẹ́ ẹni tó fẹ́ gbé ìròyìn burúkú fún akọ̀wé kó bá òun kà á. Kà á fúnra rẹ." Ó ní iṣan ẹ̀yìn rẹ̀ ti bàjẹ́, ó ti pẹ́.

Wọ́n máa bó ọ̀tún lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bó bá já sí òfo, kí o fi lẹ́tà yẹn ránṣẹ́ sí àbúrò mi, kó wá kó mi. Mo fi ẹnu mi sọ ọ́, ẹnu mi ò tíì fọ́.

Nọ́ọ̀sì ló tẹ bọ́tìnì. Òun náà ló ka èyí láàárọ̀, ó ní kò sí àṣìṣe. Mi ò mọ bí mo ṣe lè gba ẹ̀rí ẹni tó ń kọ̀wé bí adìẹ tó tẹ ẹrẹ̀.

Ìyá Atẹ̀wé.

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹjọ

Awòdákẹ́ mi,

Ohun tí mo rí láàárọ̀ yìí nìyí.

Mo rí aláǹtakùn kan ní igun àjà, ó ti kọ́lé, ó ti bímọ, kò san rẹ́ǹtì. Mo rí ilẹ̀ tí Nọ́ọ̀sì ń sọ pé òun ń gbá. Mo rí ọwọ́ mi. Ọwọ́ ta nìyí? Ọwọ́ arúgbó kan ni wọ́n so mọ́ mi lọ́rùn ọwọ́, iṣan rẹ̀ dìde bí okùn. Mo rí ojú kọ̀ǹpútà. Kùrukùru tí mò ń bú láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ti lọ, ṣùgbọ́n omi ọṣẹ tí mo fi nù ún wà níbẹ̀, ó gbẹ pa ní ilà-ilà. Mo rí bọ́tìnì ọlọ́fà méjì rẹ. Àwọ̀ búlúù ni! Ó ń tàn bí aṣọ iléèwé.

Mo ṣí àwòrán rẹ. Fèrèsé ṣí lóòótọ́. Etí kọ́tìnnì rẹ wọ́ lápá òsì, ìwọ̀n ìka kan. Ẹni tó ń tú aṣọ ìbùsùn ẹlòmíràn ká, tirẹ̀ rèé.

Mo tún ka gbogbo lẹ́tà rẹ láti oṣù kejì. Kọ́mà! Àánú kọ́mà ṣe mí.

Ojú òsì ò padà. Ó-ti-kú wá kí mi. Ó wò ó, ó fa ẹnu sí i, ó ní, "Mà, ó ti..." ó wá gbé ìyókù mì. Mo ní, "Sọ ọ́. Ó ti kú. Látìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́, òun nìkan lo rí tó kú lóòótọ́." Ó bú sẹ́kún, òpè ọkùnrin. Mo rán an níṣẹ́ kó lè nu ojú: ègún orí F àti J ti jẹ pátápátá, òun ló jẹ́ kí ọwọ́ mi ṣìnà lọ́jọ́ yẹn. Ó fi gọ́ọ̀mù kán ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan sórí wọn. Ó le, ó ń gún mi níka. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Bàbá rẹ wá lánàá pẹ̀lú mọ́tò òfìfo. Mo fún un ní àga, mo sì ka ìwé ìròyìn rẹ̀ fún un sókè láti òkè délẹ̀, pẹ̀lú ìpolówó ọjà. Ó wa mọ́tò òfìfo rẹ̀ lọ.

Bàtà ẹyọ kan orí àtẹ̀gùn yín ńkọ́? Bí ẹnikẹ́ni ò bá tíì wá mú un, má ṣe jù ú nù.

Ìyá Atẹ̀wé.

Kíkà àárọ̀: àṣìṣe kan wà nínú lẹ́tà yìí. Mo rí i, mo fi í sílẹ̀. Wá a.

Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹjọ

Àǹtí mi,

Mo dé láti ibi iṣẹ́, mi ò bọ́ bàtà. Mo ka lẹ́tà yín láti òkè wá sísàlẹ̀, mo kà á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Mo ka kọ́mà, mo ka àmì ohùn. Mo fi ìka lé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ọmọ iléèwé. Mo tú kọ́tìnnì mi sílẹ̀, mo fi rúlà wọ̀n ọ́n: ìwọ̀n ìka kan, lápá òsì. Mo jáde lọ wo àtẹ̀gùn, bàtà ṣì wà níbẹ̀. Mo padà, mo tún un kà.

Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀, Àǹtí. Ẹ kàn fẹ́ kí ẹnì kan pàdánù oorun nítorí yín ni.

Mo sùn ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.